Wáyà Méjì Tí Mo Nà Gbọọrọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Wọ́n tún wọ́ ọkọ̀ agbẹ̀bí wá. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oríta, ló bá fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ aboyún tó ń rọbí. Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ kó tó dé. Ọlọ́run yọ wọ́n, tìyá tọmọ. Agbẹ̀bí ní lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́?

Mo ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, bọ ọkọ̀ náà. Gbogbo ọpọlọ inú rẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń darí ọkọ̀, ń fẹjọ́ ara wọn sùn: ti bíréèkì ní òun ò gbúròó ti ẹ́ńjìnnì, ti jíà ní òun ò gbúròó ẹnì kankan. Tá a bá pa á tá a tún tan án, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ayanodì ni mo sọ ọ́.

Ọ̀gá ní ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ló jóná. Lóṣù tó kọjá tí agbẹ̀bí fi ọkọ̀ gbá géètì, Bàbá Wẹ́dà ló jó irin iwájú pọ̀, èmi rìwáyà ni mo so wáyà. Ọ̀gá ní Bàbá ò yọ bátìrì kí wọ́n tó jórin, iná ìjórin ló pa ọpọlọ. Bàbá búra pé àwọn yọ ọ́. Ọ̀gá ní, "Ẹ máa lọ sílé ná. Tó bá jẹ́ ọpọlọ ló jó, ẹ má padà wá mọ́."

Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń bá wa jórin! Èmi ń ká wáyà mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Wáyà méjì péré ni àwọn ọpọlọ náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo yọ bátìrì, mo fi mítà wọn méjèèjì. Ọgọ́ta. Ọgọ́ta óòmù ló yẹ kó jẹ́. Wáyà ò já, wọn ò sì kanra. Inú mi dùn, torí èmi ni mo so ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Ọ̀gá yá ọpọlọ ẹ́ńjìnnì mìíràn wá. Láàárọ̀, Ayanodì ń ṣiṣẹ́ bí aago. Ọ̀gá ń yan kiri: "Mo sọ fún yín!" Ọ̀sán pọ́n, odì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní a jẹ́ pé ti bíréèkì náà ló jó — Bàbá Wẹ́dà kan náà. Ha.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Àárọ̀ kì í ṣe é. Ọ̀sán ló ń ṣe é. Kí ló dé?

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo tan án, mo jókòó tì í. Ẹ́ńjìnnì gbóná, fáànù ta kìjí — wọ́n yan odì. Mo yọ fáànù: ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo dá a padà: odì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Mo tú bọ́ńpà. Láti iléeṣẹ́, wọ́n lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra ni, kí ariwo iná ibòmíràn má baà wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Níbi tí èmi ti pààrọ̀ èyí tó já nígbà tó gbá géètì, mo nà án gbọọrọ, mo sì fi téèpù dì í mọ́ wáyà iná fáànù. Ó lẹ́wà. Ọ̀gá tiẹ̀ yìn mí. Ìfínjú ló kó bá mi.

Mo lọ́ wọn mọ́ra, mo gbé wọn jìnnà sí fáànù. Wákàtí mẹ́ta, kò sódì.

Ohun tí mi ò kọ síbí lọ́jọ́ Ajé: mo rí bátìrì nílẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá jórin. Mo tiẹ̀ fẹsẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n búra lójú mi, mo dákẹ́, torí tí kì í bá ṣe àwọn, èmi ni. Ojú ń tì mí gan-an.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wa níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní àwọn á lọ bẹ Bàbá lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè dúró dọjọ́ Ajé.

Bàbá Wẹ́dà jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkè délẹ̀: fáànù, wáyà, bátìrì. Wọ́n ní, "O rí i?" Mo ní mo rí i, sà. Wọ́n tún ń pọ́n ọ̀bẹ lọ. Mo rò pé wọ́n á lé mi ni.

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Wọlé. Bó o ṣe rò ó fún mi yẹn, lọ rò ó fún ìyàwó mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń sọ fún un pé mo yọ bátìrì. Kò gbà mí gbọ́."