Iná Oòrùn Dé Ọ̀dọ̀ Màámi

Màámi, ẹ kú oríire iná tuntun o! Inú bọ́ọ̀sì Thames View lókè òkun níbí ni mo ti wo fídíò yín, àfi bí bọ́ọ̀sì ṣe gbé mi kọjá ilé. Àwọn sólà tí ìjọba òkè òkun bá ìlú wa gbé sẹ́yìn ilé ìwé ń dán bí ojú odò. Mo ní, àbí oòrùn ọ̀sán ló wá jókòó sínú gílóòbù yín, tó ń wò yín bí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà?

Ẹ ní iná náà kì í lọ, débi pé àwọn ọmọdé ò rí ìgbà pariwo "Up NEPA!" mọ́.

Àwa náà wà dáadáa. Ilẹ̀ ń tètè ṣú níbí, Eden ọmọ mi sì fẹ́ràn àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń tàn. A máa ń wọ kóòtù sùn, a óò sún mọ́ra, màá sì máa ròyìn oòrùn yín fún un. Ó dùn gan-an.

Ẹ bá mi kí Láyí àbúrò mi. Eden ń kí yín. Kò dé Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó fò sókè, ó pariwo "Up NEPA!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í níbi tó ti kọ́ ọ.

Wúrà yín