Bí O Ṣe Ta Ọmọ Stefania Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Orest ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó ń bá ọ gbé ní Toronto, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń jókòó sídìí tábìlì gíláàsì yẹn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilẹ̀ oko wa lábẹ́ òjò dídì títí yóò fi yọ́, òun ni yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn tó ń pariwo mọ́ ọ. Àmín. Àwa náà ń bẹ níbí ní Zoria, a ò kú, a ò sì sá lọ. Màlúù pupa ti bímọ. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń sọ fún wa bí ìjì bá ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ déédéé ju ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní iléeṣẹ́ yín lọ, ṣùgbọ́n má sọ fún un, kó má baà bínú.

A máa ń rí ọ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín, a ti jókòó nìyẹn. Bí ìpolówó ọjà bá tán tí o sì wí pé ẹ kú àbọ̀, bàbá rẹ á dá ọ lóhùn pé a ò lọ síbì kankan, a wà níbí láti àárọ̀. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀, n kò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ. Kóòtù rẹ dára, táì rẹ dára, àmọ́ láti ìdodo dé ilẹ̀, tábìlì ló bò ó. Bàbá rẹ ní ó lè jẹ́ pé owó iléeṣẹ́ ò ká ṣòkòtò gbogbo yín. Mo ti hun ṣòkòtò abẹ́ onírun àgùntàn fún yín, ó ń bọ̀. Èyí tó fẹ̀ jù ni ti ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu. Bí ìdí rẹ̀ bá móoru, bóyá ẹnu rẹ̀ á rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí ẹ̀ mú bírò ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ ta àwọn èèyàn. Stefania Wasyliw tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà gbé kéèkì wá, ó ní kí a jọ wò ó, torí Ihor ọmọ rẹ̀ tó ń gbá họ́kì ní ìlú olóoru etí òkun. Èmi kọ́kọ́ rò pé ọjà màlúù ni, torí bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn: aago ń ká lọ ní igun tẹlifíṣọ̀n, ẹ ń pariwo, ẹ ní ẹni báyìí fẹ́ rà, ẹni báyìí ò fẹ́ tà. Ìgbà tí mo wá rí i pé ojú èèyàn lẹ ń fi hàn, tí ẹ ń ka ọjọ́ orí wọn àti ìwọ̀n ara wọn, mo ya àmì àgbélébùú.

Fóònù rẹ wá dún. O wò ó, ojú rẹ tàn, o ní Ihor Wasyliw ti lọ. Orest, bí a ṣe ń túfọ̀ òkú nìyẹn. Stefania fọwọ́ di ògiri ilé wa mú. Ìgbà tó yá lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ Winnipeg ló rà á, pé ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n máa yàn lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, àti nǹkan mìíràn tí wọ́n máa rò tó bá yá. Stefania ní ṣé ìrònú ni wọ́n fi ra ọmọ òun. Onírùngbọ̀n wá ní ohun tí wọ́n san yẹn ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju títà náà lọ. Ìwọ náà tún fi ìka ya òrùka yẹ́lò yí i ká lórí àwòrán ibi tó ti ń gbá họ́kì, o ń fi hàn wá bí àwọn èèyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Stefania dìde, ó wọ kóòtù, ó ní, “Paraska, ọmọ rẹ ta ọmọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tún padà wá gbé kéèkì rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò kí mi mọ́. Bí a bá ń ṣe píróhì, ìyẹ̀fun pípò tí a ń di ọ̀dùnkún sínú rẹ̀ kí a tó sè é, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri ló máa ń kọjú sí, tí á máa dí ẹnu píróhì tirẹ̀ lóun nìkan. Ọmọ mi, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá ṣe píróhì ní abúlé yìí, àwọn yòókù ń fi ọ̀dùnkún kún un bí ẹni tó ń dí ihò eku. Ni mo bá pinnu pé a máa ra Ihor padà. Mo pe nọ́ńbà tó máa ń sáré kọjá lábẹ́ àyà yín ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ó gùn, ṣùgbọ́n mo tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ọkùnrin tó gbé e ní táyà lòun ń tà, èèyàn kankan ò sí ní ṣọ́ọ̀bù òun fún títà. Mo ṣáà ṣàlàyé fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní kí ni Winnipeg san, mo sọ fún un, ó ní wọ́n rẹ́ Winnipeg jẹ. Mo fi fóònù sílẹ̀ mọ́ ọn létí.

Nígbà tó wá di ọ̀sán Sátidé, ọkọ̀ kan yà sí ọ̀dọ̀ Stefania, Ihor ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ìsinmi, ó sì wakọ̀ fúnra rẹ̀ láti Winnipeg, tí kò jìnnà sí wa. Láti ìlú olóoru yẹn, kò rí ààyè wálé ní ìgbà òtútù rí. Igbe tí Stefania ké, bàbá rẹ rò pé abà ló ń jóná, ó gbé korobá omi jáde. Ihor jẹ píróhì títí tilé wọn fi tán. Stefania wá sẹ́nu ọ̀nà wa wá tọrọ tiwa. Ó dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀, ó ní kí n sọ fún ọ pé bí ẹ bá tún ń tà, kí o bá òun mú ẹ̀gbọ́n Ihor mọ́ ọn, èyí tó ń tọ́jú eyín ní Vancouver. Bí wọ́n bá tà á sí ìlú Regina náà, ó dára, òun ò ní máa ṣa ìlú yàn. Mo ní kó wọlé. A dí ẹnu píróhì títí ìyẹ̀fun fi tán.

Ihor sọ fún mi pé ìwọ kọ́ lo ń tà wọ́n, pé o kàn ń sọ ọ́ ni. N kò bá a jiyàn, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò fẹ́ ba orúkọ rẹ jẹ́ lójú ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó lọ, bàbá rẹ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà. Ó bi mí pé ta ló ni Orest? Mo ní n kò mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí a ò rí ọ àfi nínú àpótí yẹn. Jọ̀wọ́, wádìí ẹni tó ni ọ́, kí o sì bi í ní iye tó máa gbà. Bàbá rẹ ní òun ṣetán láti lọ rọ́pò rẹ, pé òun náà mọ bí a ṣe ń bá àwọn tí kò gbọ́ wa jà. Mo ní bí ìwọ bá dé tí òun sì ti lọ, ta ló máa rí ta? Ó rò ó títí, ó ní òótọ́ ni.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo tí a fi ń mú ilé gbóná. Bí o bá máa mú un wá fúnra rẹ, kékeré náà á tó.

Ọlọ́run yóò fi ọ́ lé ẹni rere lọ́wọ́. Kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kò tó ọ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ láé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Paraska