Gọ́ọ̀mù Ilé Ìwẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Èmi tí gbogbo èbúté mọ̀ sí Adíhò, tí orúkọ mi ní kíkún wà lára ìwé ilé tí mo so mọ́ ẹ̀yìn èyí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí iṣẹ́ mi jẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran bí mo bá wọ awò. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, orúnkún kì í sì í pín ogún. Àbúrò mi ọkùnrin, Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi kọ ọ́ lórí tábìlì ìdáná mi, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òun náà ni mo yàn ṣe alámòójútó rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, tirẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

1. Ilé tí mò ń gbé di ti ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́fà ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́. Kó gba ilé, kó yé bẹ̀ mí.

2. Ológbò mi di ti aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ́ ọ, ó kàn ń díbọ́n pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

3. Gbogbo irinṣẹ́ mi, ìbọn tí a fi ń fún gọ́ọ̀mù tó ń dí ojú pákó, àti àwọn ọ̀bẹ tí a fi ń ha á, di ti káfíńtà obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kó rántí pé gọ́ọ̀mù tó lè gbé inú omi ni a ń rà fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kó ha ti àtijọ́ kúrò títí pákó yóò fi hàn. Kó fi sípírítì nù ún, kó jẹ́ kó gbẹ, kó lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó fún gọ́ọ̀mù tuntun sí i. Kó má mú nọ́ọ̀tù tó so pákó pọ̀ le pátápátá lọ́jọ́ kìíní, kí gọ́ọ̀mù má baà tú jáde tán. Lẹ́yìn náà, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ.

4. Àkọ́bí mi ọkùnrin kò ní jogún ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Kí gbogbo ẹni tó bá bi yín léèrè mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ọkọ mi fi ń gbé èrò sọdá ń jo níbi tí pákó méjì ti pàdé lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún, n kò lè dìde. Mo fi iṣẹ́ náà lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dárúkọ gọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ọkọ̀ padà sómi, gọ́ọ̀mù náà ṣí láàárín odò, omi ya wọlé, ọkọ̀ rì. Ọkọ mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté nínú òtútù, ó mu tíì, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn, òtútù àyà pa á.

Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde, mo fi ọ̀pá méjì rìn dé ìdí rẹ̀. Èékánná lásán ni mo fi fa gọ́ọ̀mù náà, ó sì bó lódindi bí awọ ejò. Mo rí ike gọ́ọ̀mù náà lórí bẹ́ǹṣì ọmọ mi. Wọ́n ti ya àkọlé ara rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìdérí, ó ń rùn kíkan bíi fínígà, gọ́ọ̀mù ọkọ̀ kì í sì í rùn bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ilé ìwẹ̀! Èyí tí wọ́n fi ń yí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ ká! Mo bi ọmọ náà. Ó ní ọwọ́ òun ni òun fi fún un síbẹ̀. Kò ṣe àwíjàre kankan, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, n kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Bí mo bá rí i lọ́nà, mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì. N kò dárí jì í, n kò sì ní

Láti ibí yìí lọ, ọwọ́ èmi fúnra mi ni ẹ ń rí. Ẹ fi sùúrù kà á.

Tíṣà ju bírò sílẹ̀. Ó ní òun kò lè kọ ọ́ tán. Ó ní òun ni ọmọ náà bẹ̀ pé kó bá òun ra gọ́ọ̀mù bọ̀ láti ìgboro. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́kọ̀, ló bá yà sí ti àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ya àkọlé dànù. Nígbà tí ọmọ mi sọ pé òórùn rẹ̀ yàtọ̀, ó ní gbogbo gọ́ọ̀mù ló ń rùn, pé òun ti bi ẹni tó tà á. Ọmọ náà gbà á gbọ́, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé ní gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ìwé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú àṣírí òun. Ọmọ mi ní kó fọkàn balẹ̀, pé màmá òun yóò kàn bínú fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ìgbà díẹ̀!

Mo ju ife lu ògiri. Ohun tí mo sọ, n kò ní kọ ọ́ síbí. Tíṣà tó fi ogójì ọdún na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, òun ló jókòó níwájú mi, tó ń kọ ẹ̀gàn ọmọ mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára bẹ́ẹ̀.

Ìwọ àkọ́bí mi, mo ń bínú sí ìwọ náà. Ta ló rán ọ pé kí o dákẹ́? Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bínú sí jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ọ́. N kò bèèrè ẹni tó ra gọ́ọ̀mù.

5. Mo pa ìpín kẹrin rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ya á kúrò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí a lè máa rí ohun tí mo ṣe.

6. Ọkọ̀ náà àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe di ti àkọ́bí mi.

7. Tíṣà kì í ṣe alámòójútó mọ́. Káfíńtà obìnrin ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Tíṣà ni mo fún ní àga tó jókòó lé lónìí. Kó gbé e lọ sílé, kó máa jókòó lé e.

Ìwé yìí kò ní dúró de ikú mi. Mo ti wọ bàtà. Mo ń gbé e lọ sílé ọmọ mi báyìí, kó kà á lójú mi. Bí kò bá ṣílẹ̀kùn, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí n dúró.

Ọwọ́ mi nìyí: Adíhò.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.
Ẹlẹ́rìí kìíní: apẹja àgbà tó ń gbé ilé kejì.
Ẹlẹ́rìí kejì: akọ̀wé èbúté, ẹni tó ní òun yóò bá mi kan ilẹ̀kùn.