Kànga Tó Gbiná ní Òmù

Ọjọ́ Ajé, 11 Èrèlé, 2002

Tíì dúdú. Kì í ṣe dúdú bíi tíì — dúdú bí íńkì. Gómìnà gbé ife náà sókè sí oòrùn, ó wò ó títí, ó ní wọ́n ti fẹ́ pa òun. Gómìnà ni Ìyá Ọdúnayọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án. Omi kànga tuntun ni wọ́n fi se tíì náà, èyí tí Ọdúnayọ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé nígbà tó wá láti Èkó ní Kérésìmesì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Èrèlé

A yọjú sínú kànga. Nǹkan ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀, òṣùmàrè sì tẹ́ lórí omi bí ìgbà tí epo ọkọ̀ dà sí ẹrẹ̀. Gómìnà ti dá ẹjọ́: Kọ́ládé mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí kànga, ló da pẹtiróòlù sí i. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé òun àti Kọ́ládé jọ jà lórí ibi tí òun ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Ẹbí yóò jókòó ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà fún un, Kọ́ládé àti Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀ yóò kó kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti wà níbẹ̀.

Ara mi ò balẹ̀ rárá — ayọ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti parí ní póli, ibi ihò ara ògiri nìkan ni ìwé-ẹ̀rí mi ti ríṣẹ́, ó ń bò ó. Ẹ̀kọ́ nípa omi, ilẹ̀ àti kẹ́míkà ni mo kọ́. Ẹjọ́ mi dé.

Ọjọ́bọ̀, 14 Èrèlé

Mo fa omi sínú garawa, mo jẹ́ kó silẹ̀ títí òṣùmàrè fi tẹ́ lójú rẹ̀. Mo fi igi là á. Epo ọkọ̀, bí a bá là á, yóò padà so pọ̀. Èyí fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì, kò sì so mọ́. Irin inú ilẹ̀ ni! Irin yìí náà ló ń pọ́n ìdí garawa, òun ló pàdé tíì tó sọ ọ́ di íńkì. Mo fò sókè. Adìẹ Gómìnà sá lọ.

Ṣùgbọ́n irin kì í hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Èrèlé

Mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Mo pe gbogbo agboolé jọ. Mo bu omi kànga sí ìdajì ìgò oníke, mo fi àtàǹpàkò dí i, mo mì í dáadáa. Mo ṣá ìṣáná sí ẹnu rẹ̀. Iná búlúù fò jáde, ó kú. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé láti tètè ṣàlàyé. Gómìnà yá jù mí.

"Ẹ ti rí i. Omi wo ló ń gbiná, bí ẹnìkan ò bá da pẹtiróòlù sí i?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kọ́ládé wò mí títí. Ó ní, "Àbúrò, o ṣeun o. Ó ku kí o bá mi di ẹrù."

Ọjọ́ Àìkú, 17 Èrèlé

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbàdúrà lòdì sí àwọn tó ń ba omi jẹ́. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́rú, 20 Èrèlé

Mo ronú kàn án! Mẹ́tẹ́ènì. Ewé tó jẹrà sábẹ́ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ló ń mú gáàsì yìí wá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì nílò mẹkáníìkì. Bí mo bá rí i níbi tí ọkọ̀ kò dé rí, ẹjọ́ tú. Níbo? Àkùrọ̀ tí Gómìnà ń gbin ẹ̀fọ́ sí lọ́nà odò. Kẹ̀kẹ́ gan-an kò lè débẹ̀.

Kọ́ládé fẹ́ yá mi ní àrọ tó fi ń rọ ọ́ìlì. Mo ní kó má ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́; àrọ tó ní epo ọkọ̀ lára yóò ba ẹ̀rí jẹ́. Àrọ epo pupa Gómìnà ni mo jí.

Mo ro ẹrẹ̀, mo dojú ìgò tó kún fómi dé orí ibi tó ń hó, àrọ lẹ́nu rẹ̀. Gáàsì ń lé omi jáde. Mo ṣáná.

Irun ojú mi ti dín kù. Mo kọrin délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Èrèlé

Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ìdérí kànga: MÁ TANÁ SÍBÍ. Gómìnà ní ta ló fún mi láṣẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Èrèlé

Mo bẹ ẹbí pé kí wọ́n tẹ̀ lé mi dé àkùrọ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Gómìnà ló ṣáájú; ó fura pé mo ti tẹ ẹ̀fọ́ òun mọ́lẹ̀. (Mo tẹ díẹ̀.) Ìgò rẹ̀, ìṣáná rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ro ẹrẹ̀, òun ló ṣáná. Iná náà ju ti kànga lọ. Ó fi ìgò sílẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn Bàbá Morákinyọ̀, olórí ẹbí.

Mo rọra bi í pé, "Ẹ̀yin mà, ta ló da pẹtiróòlù síbí?"

Bàbá Morákinyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní bí ibí yìí ṣe rí ni ẹ̀yìn ilé wa rí nígbà èwe àwọn. Èèpo kòkó àti ewé ni bàbá àwọn fi dí i kó tó kọ́lé. Òun ò rántí ẹni tó rù wọ́n.

Gómìnà ń wo ẹrẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo rù wọ́n. Òjò méjì ni mo fi rù wọ́n."

Bàbá béèrè bóyá ẹbí ṣì fẹ́ lé ẹni tó ba kànga jẹ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Gómìnà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i tó gbé ife méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kọ́ládé. Tíì omi kànga. Dúdú bí íńkì. Ó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ lójú Kọ́ládé, ó fajú ro, ó na ìkejì sí i.

"Kọ́ládé, ulé rẹ nìyí. Gbà, mu."

Kọ́ládé wo inú ife náà pẹ́. Ó mu ún tán. Ó ní ṣúgà kò tó.