Ọkùnrin Inú Géèmù Rẹ Ò Mọ Ìjókòó

Àbúrò mi Onígéèmù,

Má tíì pariwo. Jókòó kà á tán ná.

Èmi ni mo pa kọ̀ǹpútà rẹ láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ lọ yúnífọ́ọ̀mù ọsibítù mi, ni mo bá fa wáyà rẹ̀ yọ lójú iná kí n lè ki ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Mo rí ọkùnrin kékeré inú géèmù tó ń rìn lọ rìn bọ̀, mo ṣe bí o gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ká sòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó jọ èmi nígbà tí mo bá ń tibi iṣẹ́ bọ̀.

Ìgbà tí mo lọ aṣọ tán ni mo tó rí ìwé tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbọ́dọ̀ fi rìn kí n tó mọ̀ pé géèmù tí mò ń ṣe yìí ò ní dákú." Ta ní ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀yìn nǹkan?

Mo mọ̀ pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ò ní gba yàrá tí ẹ lọ wò yẹn fún ilé iṣẹ́ yín àfi tí géèmù yìí bá yege. Má bínú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti tún un tàn, ó ti ń rìn.

Oúnjẹ àná rẹ ṣì wà bí mo ṣe dé e. Jẹ ẹ́, kí o sì sùn.

O kọ́ ọkùnrin yẹn ní eré sísá, o kọ́ ọ ní fífò, o ò kọ́ ọ ní ìjókòó. Mi ò dá a lẹ́bi. Nílé wa yìí, ọ̀dọ̀ ta ni ì bá ti rí i kọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ