Ẹ Má Fi Lẹ́tà Ọpẹ́ Mi Dá Ẹjọ́ Owó Oṣù Wa

Ojúlé Kẹtàlá, Òpópónà Ìdí-Ọ̀sàn,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.
9 Oṣù Kẹwàá, 2006.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Parí Aáwọ̀ Òṣìṣẹ́ àti Agbanisíṣẹ́,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

LẸ́TÀ ỌPẸ́ TÓ FẸ́ GBA OWÓ OṢÙ LỌ́WỌ́ AWAKỌ̀ MỌ́KÀNLÁ

Èmi ni akọ̀wé àwọn awakọ̀ típà mọ́kànlá tó ń kó yanrìn láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú fún ilé-iṣẹ́ tí a pè lẹ́jọ́ níwájú yín. Ní oṣù karùn-ún, ìdajì owó ni wọ́n san fún wa. Láti ìgbà náà, a kò rí kọ́bọ̀. A gbọ́ pé wọ́n ti mú lẹ́tà kan wá fún yín, nínú èyí tí àwa awakọ̀ ti dúpẹ́ pé owó wa pé. Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ dáadáa.

Ní oṣù kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, máníjà wa, sọ fún mi pé bí a bá kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ọ̀gá àgbà, ara wọn á yá láti sanwó. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo gbà. Mo rán àwọn ẹgbẹ́ mi létí pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Bàbá Kabir, àgbà wa, bi mí pé oore àná wo. Mo ní kí wọ́n má da ọ̀rọ̀ rú. Gbogbo wọn tẹ̀ka sí i, nítorí wọ́n fọkàn tán mi.

Mo lo bírò kan tán lórí lẹ́tà náà. Mo pe ọ̀gá àgbà ní baba àwọn aláìní, èyí tí kì í ṣe irọ́, nítorí àwọn ló sọ wá di aláìní. Mo ní àwọn ọmọ wa ń yó. Mùlíkátù ìyàwó mi, tó ń fi owó ẹja yíyan bọ́ wa, ní kí n tún ibẹ̀ kà sí òun létí. N kò lè kà á. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́bọ̀ yìí ni ẹ ó parí ẹjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé ìsanwó wá, èyí tí à ń buwọ́ lù bí a bá gbowó. Ẹ ó rí i pé láti oṣù kẹfà, kò sí ẹni tó buwọ́ lù ú. Bàbá Kabir kò rówó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wa típà, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ bá ní ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé gbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n san ti àwọn mẹ́wàá yòókù, kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀.

Ẹ má bínú pé n kò kọ "ẹ ṣeun" sí ìparí lẹ́tà yìí. Mo ti dúpẹ́ ṣáájú owó rí. Ọjọ́ tí owó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, àwa mọ́kànlá yóò wá fi ẹnu ara wa dúpẹ́.

Èmi ni tiyín,
Yísà Ògúnjìmí,
Akọ̀wé Àwọn Awakọ̀.