Ògiri Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àlàmísì, oṣù Ṣàábáànù. Ìrọ̀lẹ́.

Mo rò pé mo ṣe bẹbẹ lónìí. Òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ, ó ní ká sọ ibi tí a fẹ́ kí ọ̀nà tuntun gbà. Èmi ni mo dìde. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan iwájú ilé wa, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, kí wọ́n wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n gba ibẹ̀. Gbogbo ìpàdé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti kan èèkàn mọ́lẹ̀.

Òjò ti ṣú. Ọkà ti tutù níwájú mi.

Àfi bí mo ṣe wọlé tí Sàfíyà ìyàwó mi ní, "Ààfáà, ẹ̀yìn ògiri tí ẹ ní kí wọ́n wó yẹn la ti ń wẹ̀, ibẹ̀ la ti ń fa omi. Ta ló bi wá léèrè?"

Mo ní ẹlẹ́hàá kì í jáde, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó bá ọkùnrin jókòó ní ìpàdé.

Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Tí mo bá lọ sọ fún Mágàjí àdúgbò pé mo ti yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n á ní ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Tí mi ò bá sì lọ...

Sàfíyà kò pariwo, kò sunkún. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé, "Ẹ ní ẹlẹ́hàá kì í jáde. Tí wọ́n bá wó ògiri yẹn lọ́la, ta ló mú wa jáde?"